Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kí Asiata

Ní Ìjemọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kò sí aláró tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Asiata. Bó bá ti ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, tó tẹ́ aṣọ funfun síwájú, ilà tó bá fà á gún bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ láìsí atẹ́gùn. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ibi tí kò bá sí, aró á mu ún yó. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Òun ló fi tọ́ Sàlàhúdíìnì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, òun ló fi rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ló sì ń ṣe títí irun fi funfun lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Gbogbo àrà tí Asiata ń fà sára aṣọ, àrà ẹlòmíràn ni. Ìbàdàndùn, àwọn ará àtijọ́ ló dá a. Olókun, wọ́n ti ń fi í pọn ọmọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Ní ọjà Ìtòkú, bí oníbàárà bá gbé àdìrẹ sókè, kò ní béèrè ẹni tó fà á. Ohun tó máa béèrè ni pé, "Àrà ta nìyí?" Kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni dáhùn pé, "Ti Asiata ni."

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé Morónkẹ́ ní àrà tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Morónkẹ́ kọjú sí ti Asiata. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, inú ìkòkò aró kan náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ba aṣọ jẹ́. Morónkẹ́ kò lè fa ilà kó tọ́ bí wọ́n tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé páànù ló máa ń gé ní ihò ihò, tó ń fi ẹ̀kọ ra gba ojú rẹ̀ sára aṣọ. Síbẹ̀ ó ti gé páànù kan rí tó pè ní Ọkọ̀ Òfuurufú, aṣọ náà sì tà. Asiata ní ẹja àrọ̀ ni, pé òun kò tíì rí ọkọ̀ òfuurufú tó hu irùngbọ̀n. Ọjà kò dá a lóhùn. Ọkọ̀ Òfuurufú Morónkẹ́ ni gbogbo Ìtòkú ń pè é.

Ní ọdún 1989, nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Alájì Dàkáà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàlì ni Alájì yìí, ọdọọdún ló ń wá kó àdìrẹ lọ sí Dàkáà. Ìtòkú ló ti kọ́ Yorùbá, àwọn ìyá àgbà ló sì kọ́ ọ, nítorí náà "ẹ" ló fi ń bá ohun gbogbo sọ̀rọ̀. Ó lè dojú kọ ewúrẹ́ kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí ẹrù mi." Ohun tó ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí ni pé òun kò fẹ́ àrà tí ìyá ìyá òun ti ró gbó. Tuntun lòun ń wá, ẹni tó bá sì ní in, orúkọ ẹni náà lòun máa gbé dé Dàkáà.

Láti ìgbà tí Asiata ti gbọ́, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ya ẹyẹ, ó jọ Olókun. Ó ya ewé, ó jọ Ìbàdàndùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà àtijọ́ jù. Bó bá darí rẹ̀ síbòmíràn, á ṣẹ́rí padà sílé.

Inú ìdààmú yìí ló wà tí àlejò fi yọ nínú pálọ̀ rẹ̀.

Sàlàhúdíìnì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sàlà, ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan. Ojú nǹkan náà dà bíi tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jó nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ka ìròyìn. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Sàlà gbé e sórí tábìlì maṣíìnnì ìránṣọ, ó ń fi í tẹ ìwé fún àwọn èèyàn: ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó. Asiata wá àdìrẹ kan tó dára fi bò ó nítorí eruku, ó sì kìlọ̀ fún àwọn adìẹ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan jókòó sí òdìkejì tábìlì, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ló ń wò, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, Sàlà ń tẹ̀ ẹ́. Asiata ń nu àga. Àfi "kíín!" Àpótí kan tí ilà méjì yí ká yọ gbàgà láàárín ojú kọ̀ǹpútà, ó bo gbogbo ọmọ olóògbé mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, ó sì ń ṣẹ́jú.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" ni ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì béèrè.

"Kò sí nǹkan, sà." Sàlà yára tẹ bọ́tìnnì kan, àpótí náà pòórá.

"Sàlà, nǹkan kan yọ níbẹ̀," ni Asiata wí. "Mo rí i. Ó pariwo, ó sì yọ. Kí ló wí?"

Sàlà wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì. "Màmá, ó... ó ń kí yín ni."

"Ó ń kí èmi?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ní ẹ kú ilé."

Asiata ju àkísà sílẹ̀. Wọn kì í kí i kó má jẹ́. "A dúpẹ́ o. Ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé 'ẹ' ló fi kí mi àbí 'o'?"

"Màmá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní 'ẹ'."

"Abájọ tó fi ń já lu ọ̀rọ̀ àgbàlagbà. Kò burú. Àlejò ni."

Bí ìsinmi ṣe tán nínú pálọ̀ nìyẹn. Àpótí yìí kò mọ àkókò rárá. Bí Sàlà bá dé ibi tó le jù nínú ìwé, kíín! Bó bá fẹ́ gbé orúkọ ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ, kíín! ó ti kó sáàárín wọn. Ó dà bí àlejò tó ń gbúròó ìgbà tí ọbẹ̀ ń kúrò lórí iná. Sàlà á pòṣé, á tẹ bọ́tìnnì, á ní, "Kúrò ńbẹ̀, jàre!" Asiata á sì ti ẹ̀yìnkùlé ké pé, "Sàlà, kí ló dé tí ò ń lé àlejò? A dúpẹ́ o! Àmín o!"

Ohun tó fa àmín ni pé ó ti béèrè bóyá kíkí lásán ni nǹkan náà ń kí òun lójoojúmọ́ ayé. Irọ́ àkọ́kọ́ ti há Sàlà lọ́rùn, ló bá fi òmíràn tì í: ó ní ó máa ń ṣàdúrà mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, kódà bí ọwọ́ Asiata bá wà nínú ìkòkò aró dé ìgbọ̀nwọ́, tó bá ti gbọ́ "kíín," á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, aró á máa kán sí i lórí, á ní, "Àmín, lágbára Ọlọ́run."

"Ó mọ èèyàn kí," ló sọ fún Morónkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ tí a jọ dàgbà, ìgbà wo lo kí mi kẹ́yìn tí kì í ṣe pé o fẹ́ yá ọmọrí ìkòkò?"

"Kó wá bá ọ pọnmi nígbà náà," ni Morónkẹ́ dá a lóhùn. "Kíkí ò ní kún àmù."

Ọjọ́ kan, Sàlà jáde lọ bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ níta, àpótí náà sì yọ nígbà tí kò sí ẹni tó jókòó tì í. Asiata dúró wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí ilà méjì tó yí i ká, tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó rí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀: òmíràn dà bí ẹsẹ̀ adìẹ, òmíràn bí ìwọ̀ ẹja, òmíràn bí àkàbà, òmíràn rí roboto bí ẹnu ìkòkò aró. Kò jọ Olókun. Kò jọ Ìbàdàndùn. Kò jọ nǹkan kan tí aláró Ẹ̀gbá fà rí.

Ó sáré lọ gbé ìyẹ́ adìẹ. Kí ó tó dé, Sàlà ti wọlé, ó ti lé e lọ.

Kò burú. Asiata gbé àga, ó gbé abọ́ ẹ̀kọ, ó gbé aṣọ wọ pálọ̀, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ wà lókè. Sàlà ń tẹ̀, kò yọ. Ó tẹ ìwé ètò ìsìnkú kan tán pátá, kò yọ. Ẹ̀kọ ń dì nínú abọ́.

"Bóyá ojú mi ló ń tì í," ni Asiata wí, ló bá dìde lọ wo aró rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kíín! Ó sáré padà, ẹ̀kọ ń kán tò tò tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Ó ti lọ.

"Sàlà, ṣé o kò lè ní kó jókòó ni? Ká fún un lómi!"

"Màmá, ẹ̀rọ ni! Tẹ́ ẹ bá fún un lómi, ó kú nìyẹn. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ fà á sára aṣọ. Àrà tèmi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà Ń Kí Yín ni mo máa pè é, òun ni mo sì máa gbé síwájú Alájì."

Òógùn bo Sàlà nínú ọyẹ́. "Màmá, ẹ ya nǹkan mìíràn. Ẹ ya ẹja. Ẹ ya... ẹ ya èmi."

"Ìwọ? Imú tí o jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ nìkan á ti gba ìdajì aṣọ. Ta ló fẹ́ rà á?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó bà á. Àpótí náà yọ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun, Sàlà sì ti pẹ́, ló bá fi í síbẹ̀, ó sá lọ sí mọ́sáláṣí. Asiata ti ilẹ̀kùn. Ó fà á bó ṣe rí i. Kò fi ẹsẹ̀ lẹ́tà kan sílẹ̀, kò sì fi ọ̀kan kún un. Àmì tóńtó tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀, ó fi sí i. Ó fà á sókè aṣọ, ó fà á sísàlẹ̀, ó fà á sí ọ̀tún àti òsì, títí aṣọ fi kún fún ìkíni. Nígbà tó parí ọ̀kan, ó wò ó fa òmíràn, kò sì wo kọ̀ǹpútà mọ́.

Nígbà tó pa wọ́n láró tán, tó họ ẹ̀kọ kúrò, tó sá wọn sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, àwọn aláró Ìjemọ̀ wá dúró wò wọ́n. Ọjọ́ iṣẹ́ ni. Àwọn tó mọ̀wé ti kó ìwé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń rí owó oṣù gbà. Àwọn tó kù, ọwọ́ Asiata ni wọ́n ń wò, wọ́n sì gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ lórí àpáta náà. Sàlà, tó lè kà á, fara pamọ́ sí pálọ̀.

Morónkẹ́ náà wá. "Kí lo pè é, Ìyá Sàlà?"

"Kọ̀ǹpútà Ń Kí Yín."

"Kí wá ni ká dáhùn?"

"Ẹ ní ẹ dúpẹ́."

"A dúpẹ́ o, kọ̀ǹpútà!" Morónkẹ́ tẹríba fún aṣọ, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbórí sókè. Ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Asiata rí i, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí ó rò pé ìlara lásán ni.

Asiata kò fẹ́ kí ìkankan jáde nínú àwọn aṣọ yìí kí Alájì tó dé, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á kó má ró ọ̀kan. Ó ró o lọ sí Aké lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé aṣọ ibùsùn lọ fún Tíṣà Beatrice, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin akọ̀wé kan ń jẹ bọ̀ọ̀lì lábẹ́ igi. Wọ́n dá ẹnu dúró. Ọ̀kan nínú wọn ka nǹkan sókè, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ kú oríire o!"

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Asiata wí, ó sì yí po lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn náà.

Ọlọ́pàá kan dúró ní oríta. Ó wo ìdí Asiata, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìdí rẹ̀. Asiata gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí obìnrin tí ọmọkùnrin ń yọ lẹ́nu.

"Ẹ kú ilé o, Tíṣà!"

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Sàlà. Ẹ wọlé, ẹ... ẹ dúró ná. Ẹ yí ẹ̀yìn." Tíṣà Beatrice wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. "Ta ló fún yín ní ọ̀rọ̀ yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Ìkíni ni."

"Ta ló ní ìkíni ni?"

"Sàlà. Ó ní ó ń kí wa, ó sì ń ṣàdúrà."

Tíṣà Beatrice fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ìyá Sàlà, ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Ẹ sọ ọ́ lóòró."

"Ohun tó wí rèé: 'Èyí kì í ṣe ojúlówó. Jíjí ni wọ́n jí i dà kọ. Olè ni ẹni tó ń lò ó. Ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.'"

Asiata wo ìró ara rẹ̀. "Níbo ni olè wà ńbẹ̀?"

Tíṣà Beatrice fi ìka tọ́ ọ. Ó wà ní itan ọ̀tún. Ó wà ní itan òsì. Ó sì wà níbi tí ọlọ́pàá ń wò.

"Mo yí fún wọn," ni Asiata wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tíṣà, wọ́n ní kí n kú oríire, mo sì yí po fún wọn!"

Ìgbà yẹn ni Tíṣà Beatrice kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. Asiata kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú yàrá, ó yí ìró náà sódì, nítorí àrà ẹlẹ́kọ kì í yọ délẹ̀ sí òdì aṣọ, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀yìnkùlé délé.

"Sàlàhúdíìnì!"

Bí Asiata bá pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láìgé e kúrú, àwọn adìẹ pàápàá máa ń wá ibi fara pamọ́ sí. Sàlà yọjú, ó rí ìró tó wà lódì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀wé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ni kọ̀ǹpútà ń sọ?"

"Màmá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi da iṣẹ́ inú rẹ̀ kọ láìsanwó fún ẹni tó ṣe é. Gbogbo wa la máa ń ṣe é. N kò mọ̀ pé yóò máa ráhùn."

"Ó ń ráhùn, o ní ó ń kí mi! Ó pè wá lólè nínú ilé mi, mo ní a dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ fẹjọ́ wa sùn, mo ní àmín! Mo na ọwọ́ aró méjèèjì sókè, mo ní àmín lágbára Ọlọ́run!"

"Ojú ló tì mí, Màmá. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀."

"Kíín!" ni kọ̀ǹpútà wí lórí tábìlì.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni ìyá àti ọmọ wí pọ̀.

Asiata kó gbogbo aṣọ náà jọ. Ó ní òun máa rì wọ́n padà sínú aró títí wọn á fi dúdú, tí olè kankan kò ní hàn lára wọn mọ́. Ó da omi eérú tuntun sí ìkòkò, ó ń retí kí aró jí, kó tó lè mu aṣọ. Kì í ṣe aṣọ ló ń dùn ún. Alájì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, òun kò sì ní àrà kankan tó máa gbé síwájú rẹ̀.

Aró kò tíì jí nígbà tí Adépéjú, Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn aláró, ránṣẹ́ pé Alájì ti wà ní Ìtòkú. Asiata di Olókun àtijọ́ lẹ́rù, ó gbé e ru Sàlà, nítorí láti ọjọ́ náà ni Sàlà ti ń ru gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé lé e láìbéèrè. Wọ́n yọ sí ọjà. Ohun tí Asiata kọ́kọ́ rí ni àpótí onílà méjì. Ó wà lára aṣọ tí Morónkẹ́ tẹ́ síta, ó kún ìsọ̀ náà láti òkè délẹ̀. Páànù ló fi gé e.

"Àrà tuntun ni, Alájì," ni Morónkẹ́ ń wí. "Lẹ́tà Ọba ni mo pè é. Orí ara mi ló ti wá."

Alájì Dàkáà ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ náà. "Ó dára. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú orí."

Asiata dúró. Bó bá dákẹ́, Morónkẹ́ á ní àrà kejì, òun kò sì ní ní ẹyọ kan títí wọ́n á fi sin òun. Bó bá sọ̀rọ̀, olè ló máa gbà pé ó jẹ́ tòun níwájú gbogbo Ìtòkú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Morónkẹ́ tún ní, "Orí ara mi," ìyẹn kò sì ṣeé gbé mì.

"Morónkẹ́, orí ta?"

"Háà, Ìyá Sàlà, ẹ kú ọjà o. Orí tèmi."

"Orí tó wo ẹja àrọ̀, tó ní ọkọ̀ òfuurufú ni, àbí ìgbà wo lo ra òmíràn?"

Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ Adépéjú dìde lórí àpótí rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n gbọ́! Ta ló ni àrà yìí?"

"Èmi ni!" ni Morónkẹ́ wí.

"Èmi ni!" ni Asiata wí.

"Ta wá ni kí n bi? Aṣọ ò lẹ́nu."

"Èyí lẹ́nu, Ìyá Ẹgbẹ́. Sàlàhúdíìnì! Bọ́ síwájú. Ka ohun tó wà lára aṣọ Morónkẹ́."

Sàlà sọ ẹrù kalẹ̀. "Màmá, níwájú gbogbo èèyàn?"

"Ṣé ìdí tèmi kò dé iwájú gbogbo èèyàn ni? Kà á. Ní Yorùbá. Kí ó dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja."

Sàlà kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó tún un kà, ó sì ké e báyìí: "Èyí kì í ṣe ojúlówó! Jíjí ni wọ́n jí i dà kọ! Olè ni ẹni tó ń lò ó! Ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn!"

Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Morónkẹ́, tó di aṣọ náà mú mọ́ àyà, tí olè sì wà gbangba láàárín ọmú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀, àwọn tó wà ní òdìkejì títì sáré wá wò ó.

"Irọ́ ni!" ni Morónkẹ́ pariwo. "Tirẹ̀ ńkọ́? Ohun kan náà ló wà lára tirẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni mo ti dà á kọ ni?"

"Háàà!" ni gbogbo Ìtòkú wí. Morónkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Ohun kan náà ni," ni Asiata wí. "Mi ò jiyàn. Tèmi ń bú ọmọ mi. Tìrẹ ń bú ìwọ fúnra rẹ."

Ìyá Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti tán," ló wí nígbà tó mí. "Asiata ló ni olè yìí. Morónkẹ́ ló jí i."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Alájì wí, "kí ni aṣọ náà wí?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó ronú, ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ní Dàkáà, Faransé là ń kà. Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ó lẹ́wà. Màmá Sàlà, ẹ di gbogbo èyí tó wà nílé fún mi. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Asiata gbá ọwọ́ pọ̀, ó la ẹnu láti wí pé Kọ̀ǹpútà Ń Kí Yín, nítorí láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń retí láti sọ orúkọ àrà tirẹ̀. Ẹnì kan ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Olè Asiata!"

"Ẹ ṣeun," ni Alájì wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Olè Asiata. Mo máa sọ fún wọn."

Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn nìyẹn. Asiata bá wọn jà. Ó lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń ṣàlàyé pé Kọ̀ǹpútà Ń Kí Yín ni. Wọ́n á ní, "A ti gbọ́, Ìyá Sàlà," wọ́n á sì yíjú sí oníbàárà wọn, "Ṣé ìró Olè Asiata lẹ fẹ́ ni àbí gèlè?" Tíṣà Beatrice fi tirẹ̀ ṣe aṣọ ojú fèrèsé sínú pálọ̀, ó ní kí àwọn tó ń yá ìwé òun tí wọn kì í dá a padà máa rí nǹkan kà bí wọ́n bá jókòó. Ní ti Sàlà, kò sí oníbàárà tó lè fi àpótí náà pamọ́ fún mọ́. Bí "kíín" bá ti dún, ẹni tó bá jókòó tì í á ní, "Olè Asiata ti dé o," á sì dúró kó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin kan ti Ọ̀dẹ̀dá wá, tó dúró láàárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì, tó kọ ẹ̀yìn sí ti Asiata.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń ta Olè Asiata? Ọmọ mi fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó ní òun kò lọ láìní in."

Asiata wà nídìí ìkòkò aró, ó gbọ́ ọ. Ó ti pinnu pé òun kò ní dá ẹnikẹ́ni tó bá pe orúkọ náà lóhùn mọ́. Ó tún fi ọwọ́ ro aró bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilẹ̀kùn Morónkẹ́ ṣí. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ìyá ìyàwó! Ó wà níbí rẹpẹtẹ. Tèmi tilẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti—"

Asiata ti dé ojúde kí ó tó sọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, aró ń kán lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá ìyàwó, ẹ má dá a lóhùn! Èmi gan-an ni olè! Ayédèrú ni èyí tó wà lọ́hùn-ún!"

Obìnrin náà wo ẹnu ọ̀nà kan, ó wo èkejì, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà. "Ojúlówó olè ni mo fẹ́ o," ló wí.

"Ẹ̀yìn mi ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé," ni Asiata wí. Ó ti gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, aró sì ti ran ìyá ìyàwó kí wọ́n tó wọlé.